Àbíkẹ́ Lọ Wo Odò Dánúbù Láìsọ fún Ẹnìkan

Orí òrùlé ilé Àbíkẹ́ ní Malton, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Pearson ní Toronto, ni ọ̀nà bàálù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í pé kí òmíràn tó kọjá, wọ́n sì máa ń rẹlẹ̀ débi pé láti ojú fèrèsé kíṣìnì, èèyàn lè ka iye táyà tó wà nídìí wọn. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń gbé ibẹ̀, tí bàálù ń gba orí rẹ̀ lọ sí gbogbo ayé, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì lọ ju Calgary, níbi tí Ṣìmí ọmọ rẹ̀ ń gbé, àti Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Nọ́ọ̀sì ni, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ yẹn kò gba ìkánjú. Wákàtí mẹ́rin ni aláìsàn kọ̀ọ̀kan fi ń jókòó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gba inú rọ́bà jáde lára rẹ̀, tó ń wọ inú ẹ̀rọ, tó sì ń padà. Tẹlifíṣọ̀n wà lókè àga kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni Àbíkẹ́ ti kọ́kọ́ rí odò Dánúbù, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ìpolówó lásán ni, kò ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú lọ. Ọkọ̀ funfun kan, gígùn, pẹlẹbẹ, ń rìn lórí omi láìdún. Òkè wà lápá ọ̀tún, ọgbà àjàrà wà lápá òsì, ṣọ́ọ̀ṣì kan sì wà létí omi tí wọ́n kun ilé agogo rẹ̀ ní búlúù bíi aṣọ ọmọ tuntun. Ìyá àgbà kan jókòó níwájú ọkọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò ṣe nǹkan kan. Kò gbé oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni, kò wo aago. Àbíkẹ́ dúró pẹ̀lú bándéèjì lọ́wọ́, ó wo ìyá náà títí ìpolówó fi tán, ó sì rí i pé òun ń jowú ẹni tí òun kò mọ̀ rí.

Láti ọjọ́ náà ni odò yẹn ti wọlé sí i lára. Bí yìnyín bá dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní oṣù kejì, tó ń fi ṣọ́bìrì kó o, á kàn dáwọ́ dúró láàárín yìnyín, á ti dé orí omi. Á máa rí àwọn abúlé tó ń kọjá lọ díẹ̀díẹ̀, á máa gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì láti òkèèrè, títí òtútù á fi jí i padà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún, Fọláyọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Òpópónà méjì ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì. Fọláyọ̀ ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣètò ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton, obìnrin gíga, olóhùn ńlá, tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú. Nígbà tí Ọlárìndé ọkọ Àbíkẹ́ kú, òun ló sùn ní pálọ̀ rẹ̀ fún ogójì ọjọ́, tó ń fi ipá bu oúnjẹ fún un. Láràárọ̀ láti ìgbà náà, á pè é kí ó tó wọ iṣẹ́. "Ṣé o ti jẹun?" ni ìbéèrè àkọ́kọ́. "Odò ẹ yẹn ńkọ́? Ṣé o ti wọkọ̀?" ni ìkejì. Àbíkẹ́ á ní òun ti dé ìdajì ọ̀nà, àwọn méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kìíní ọdún yìí, tó pinnu pé òun ń lọ lóòótọ́, kò sọ fún Fọláyọ̀.

Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bí a ṣe rí. Èèyàn á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, á ti di ẹrù, á ti gbé ẹrù sórí ìwọ̀n nínú yàrá, tí ẹ bá bi í pé ṣé kò sí, á ní rárá o, òun wà nílé. Ọjọ́ tí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp níwájú ilé gogoro kan lẹ máa mọ̀ pé ó ti lọ, ó ti bọ̀. Bí ẹ bá bi wá pé kí la ń sá fún, a ó ní "ayé", a ó sì mi orí, ó parí. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà kò yàtọ̀, nítorí náà mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

Ti Àbíkẹ́ tiẹ̀ ní ìdí. Ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, òun àti Ọlárìndé fẹ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì sọ fún gbogbo ìjọ. Wọ́n pè wọ́n síwájú, wọ́n gbàdúrà fún wọn, àwọn kan kọ orúkọ ọmọ wọn sínú ìwé pé kí wọ́n bá àwọn mú un dání lọ. Ó ku ọjọ́ márùn-ún, ọkàn Ọlárìndé dáwọ́ iṣẹ́ dúró nínú mọ́tò, níwájú ilé ìtajà kan. Nọ́ọ̀sì ni Àbíkẹ́, ó mọ̀ pé iṣan ló dí, kì í ṣe ẹnu èèyàn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ níbi ìsìnkú, pé wọ́n ti sọ ọ́ jù, ọ̀rọ̀ náà sì dúró sí i lọ́kàn.

Ó lọ bá Dáramọ́lá. Dáramọ́lá ló ń bá ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà àdúgbò náà gba tíkẹ́ẹ̀tì, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀run. Ó mọ ẹni tó ń lọ, ó mọ ẹni tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjà rẹ̀ fi ń tà.

"Dáramọ́lá, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́ o."

"Auntie, èmi? Ẹ̀yin náà mọ̀ mí now."

"Títí kan Fọláyọ̀."

Ó gbójú sókè, ó wò ó díẹ̀, ó sì tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Especially Auntie Fọláyọ̀," ó ní.

Ẹ̀rù Fọláyọ̀ gan-an ló ń bà á. Hameedah, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ra ilé tuntun sí Brooklin, lẹ́yìn ìlú Toronto, láìsọ, ọjọ́ tó kó wọlé tán ló tó pè. Fọláyọ̀ kí i kú oríire, ó gbàdúrà fún un, ó ti fóònù pa, ó sì di ọdún kẹta báyìí tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. "Kì í ṣe ilé ló dùn mí," ó sọ fún Àbíkẹ́ nígbà náà. "Ó kó mi mọ́ àwọn tó ń sá fún ni. So èmi náà ti di ayé?" Àbíkẹ́ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Bí Fọláyọ̀ bá gbọ́ pé òun purọ́ fún un, òun á pàdánù ẹni kan ṣoṣo tó kù tó ń bi òun láràárọ̀ bóyá òun ti jẹun. Ó mọ èyí dájú. Ó sì pa irọ́ náà bẹ́ẹ̀, nínú mọ́tò, bí wọ́n ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

"Mo fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Ṣìmí ní May," ó ní, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. "Ten days péré."

"Ah, that's good. Èmi náà ò ní sí nílé o. Wọ́n ní ká wá ṣe training ní Ottawa. These people and training!"

"Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ, á ṣọ́ ẹ bọ̀."

"Àmín. Ìwọ náà."

Ó ku ọjọ́ méjì kó lọ, Fọláyọ̀ gbé ike ìpékeré ńlá kan wá, tó dín fúnra rẹ̀, pé kó bá òun fún Ṣìmí. Ojú ti Àbíkẹ́ débi pé kò lè wo ike náà. Ó pe Ṣìmí lórí fóònù, ó ní kí ló fẹ́ ṣe báyìí.

"Mummy, just tell Auntie Fọlá," Ṣìmí dáhùn. "It's a cruise. You're not robbing a bank."

Kò sọ. Kò lè fi ìpékeré náà sílẹ̀, kò lè jẹ ẹ́, ló bá kó o sínú báàgì, ó gbé e gòkè òkun.

Ìlú Passau ní Jámánì ni wọ́n ti wọkọ̀. Kékeré ni ọkọ̀ náà, kò gbà ju ọgọ́rin èèyàn lọ. Fèrèsé yàrá Àbíkẹ́ súnmọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà tó ṣí i, ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn kan ló kọjá níwájú rẹ̀, ó wò ó, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Àbíkẹ́ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Kò sí bàálù lókè. Omi ń fi ahọ́n lá ara ọkọ̀, ìmọ́lẹ̀ omi ń jó lára àjà, ó sì ń ṣe é bíi pé wọ́n ti sọ òun náà kalẹ̀ sínú ìpolówó yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní wá pe òun jáde.

Agogo dún. Wọ́n ní kí gbogbo èrò wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kí wọ́n wá sí yàrá ńlá láti kọ́ ohun tí wọn á ṣe bí ewu bá dé. Àbíkẹ́ wọ tirẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn. Bó ṣe wọlé ló gbọ́ ohùn kan láti ìdí fèrèsé lọ́hùn-ún.

"My dear, this thing is choking me. Is it that I am too tall or what?"

Ó mọ ohùn yẹn. Obìnrin gíga kan kọ̀yìn sí i, ó ti dorí ẹ̀wù náà kodò, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan sì ń gbìyànjú láti bọ́ ọ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin náà yíjú. Fọláyọ̀ ni.

Wọ́n wo ara wọn. Balógun ọkọ̀ ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, kò sí èyí tó gbọ́ ọ nínú wọn.

"Ìyá Ṣìmí," Fọláyọ̀ ní nígbà tó yá. "Calgary mà ti yí padà o."

"Ottawa náà bẹ́ẹ̀," Àbíkẹ́ dáhùn.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Fọláyọ̀, kò lè dá a dúró. Ó mú Àbíkẹ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, tí ẹ̀wù ọsàn wọn ń lu ara wọn, tí àwọn òyìnbó àgbà ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn láìmọ ìdí. Dáramọ́lá gba èpè àti àdúrà lọ́jọ́ náà. Ó ti ta yàrá méjì nínú ọkọ̀ kan fún ọ̀rẹ́ méjì, ó sì ti pa àṣírí méjèèjì mọ́ bó ṣe ṣèlérí. Ara tu Àbíkẹ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Irọ́ wọn dọ́gba, ta ni yóò bínú sí ta ni?

Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ tó dùn jù fún un láti ìgbà tí Ọlárìndé ti kú. Wọ́n jókòó sókè ọkọ̀, wọ́n gbé ike ìpékeré sáàárín, ayé ń rọra kọjá lọ. Igi eléso so òdòdó lọ títí, ajá kan ń sáré tẹ̀ lé wọn létí odò, ọkùnrin kan tó ń pẹja gbé fìlà fún wọn. Bí afárá tó rẹlẹ̀ bá dé, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílẹ̀, òkúta afárá á sì gba òkè orí wọn kọjá pẹ̀lú òtútù rẹ̀, bíi pé ẹnì kan fi ọwọ́ tútù kàn wọ́n níwájú orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, odò náà yí kọ́nà, ilé agogo búlúù yọ.

Àbíkẹ́ dìde dúró. Òun náà ni, létí omi gan-an, ọgbà àjàrà wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń sunkún.

"Ó dára lóòótọ́," Fọláyọ̀ ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́. "I'm happy mo rí i kí n tó lọ."

"Lọ síbo?"

Fọláyọ̀ di irin etí ọkọ̀ mú. Ilé agogo náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn báyìí, wọ́n lè rí aago ara rẹ̀.

"Ilé. Ìṣẹ́yìn. Màmá mi ti pé ninety-one, orúkọ àbúrò mi ni wọ́n fi ń pè mí lórí fóònù. Mo ti parí ilé tí mò ń kọ́ síbẹ̀. Mi ò ní padà wá mọ́."

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"October."

"October!" Àbíkẹ́ rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Kérésìmesì tí wọ́n jọ se oúnjẹ. Gbogbo àárọ̀ tó fi pè é, oṣù méje gbáko. "Ìgbà wo lò ń lọ?"

"Ó máa tó."

Àbíkẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀. Ilé agogo búlúù tó fi ọdún mẹ́sàn-án retí kọjá lójú fèrèsé, kò wò ó.

Ní Vienna, wọ́n bá ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ sínú ìlú. Inú bí Àbíkẹ́ gidi, ó sì mọ̀ pé òun kò ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú náà tán, èyí tún wá dá kún un. Ìrìn ọjọ́ mẹ́wàá ni òun fi pamọ́. Fọláyọ̀ fi gbogbo ìyókù ayé wọn pamọ́. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí Fọláyọ̀ sọ nípa Hameedah, ó sì mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n bá kó mọ́ ayé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ wọn wọ inú odi kan tí wọ́n ti ń sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sí odò ìsàlẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn irin níwájú àti lẹ́yìn, omi ń fà, ọkọ̀ sì ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, láìyára, láìmì. Ògiri tútù kún ojú fèrèsé, ó ń ga sí i, ojú ọ̀run ń kéré sí i lókè. Àbíkẹ́ nìkan ló wà ní yàrá ńlá. Fọláyọ̀ wá jókòó sí àga kejì. Wọ́n jọ ń rì lọ bẹ́ẹ̀, omi ń ro tótó lára ògiri.

"Nine years lo fi sọ odò yìí fún mi," ó ní. "Mo rò pé o ò ní lọ láéláé. Mo ní kí n wá bá ẹ wò ó kí n tó lọ, kí èmi náà mọ ohun tó o máa ń rí. Mo fẹ́ mú ẹ dání, Àbíkẹ́. But how do I ask you láìsọ ìdí ẹ̀?"

"Kí ló dé tó ò sọ ìdí ẹ̀?"

"Tí mo bá sọ ọ́, wàá sunkún. Tó o bá sunkún, mi ò ní lè lọ mọ́. Kì í ṣe ayé ni mò ń sá fún. Ìwọ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àbíkẹ́ lákínyẹmí ara. Ó fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi í dípò bẹ́ẹ̀, ní ohùn kékeré, "Ìgbà wo lò ń lọ?"

Fọláyọ̀ yíjú sí ògiri. "Ó máa tó," ó ní. Ilẹ̀kùn irin iwájú ṣí, oòrùn wọlé bo àwọn méjèèjì, ọkọ̀ sì gbéra.

Wọ́n wọ Budapest ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná ń tàn lára àwọn ilé ńlá etí omi tí omi náà sì di wúrà. Gbogbo èrò wà lókè ọkọ̀. Èèyàn mẹ́ta ló dúró sáàárín àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí. Bàálù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá padà sí Toronto, nítorí bí Dáramọ́lá ṣe ṣe é nìyẹn.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù kò dún láàárọ̀. Àbíkẹ́ ń dá wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń bi í pé Calgary ńkọ́, á ní ó dára. Lálẹ́, bó bá pajú dé, ó máa ń wà nínú odi yẹn, ògiri tútù ń ga sí i, àga kejì sì ṣófo. Ó mọ̀ pé Fọláyọ̀ yóò lọ lọ́jọ́ kan, òun yóò sì gbọ́ ọ nígbà tó bá ti dé Ìṣẹ́yìn tán, bíi gbogbo èèyàn.

Ní ìjọ wọn, ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ tán ni wọ́n fi ń jẹ́rìí. Ọmọ ti bí, ìwé ìgbélùú ti jáde, ẹni tó rìnrìn àjò ti bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Fọláyọ̀ gba máíkì lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, tó ní kí wọ́n yin Olúwa, tí wọ́n yìn ín, kò sí ẹni tó múra sílẹ̀ fún ohun tó sọ tẹ̀ lé e.

"Mo fẹ́ rìnrìn àjò. Mò ń lọ sílé, mi ò sì ní padà wá mọ́. Friday, nineteenth September. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Pearson, Terminal 1."

Ìyàwó pásítọ̀ fọwọ́ bo àyà. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ẹnì kan ní lẹ́yìn. "Sister, kí lẹ̀ ń dárúkọ ọjọ́ sí?"

"Ẹnì kan bi mí lẹ́ẹ̀mejì," Fọláyọ̀ ní, "mi ò dá a lóhùn." Kò wo pásítọ̀, kò wo ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ìlà kẹrin ló ń wò, níbi tí Àbíkẹ́ jókòó sí.

Ẹ̀rù ọdún mẹ́rìnlá dìde nínú Àbíkẹ́, pé kí wọ́n yára gbàdúrà bò ó, pé kí Fọláyọ̀ gba ọ̀rọ̀ náà padà. Inú rẹ̀ sì ń dùn pẹ̀lú ẹ̀rù náà, nítorí Fọláyọ̀ ti sọ fún un, lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn èyí ló wá yé e pé oṣù mẹ́ta ló kù. Kò mọ ìgbà tó dìde.

"Friday ni," ó ní. "Mo ní shift lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Màá pààrọ̀ ẹ̀. Èmi ni màá gbé ẹ lọ."

Ó jókòó, ẹkún tó ti ń dì láti orí odò sì bú jáde lójú gbogbo ìjọ. Fọláyọ̀ dúró pẹ̀lú máíkì lọ́wọ́, ó wo ẹkún náà, kò sì yí ọjọ́ náà padà.